Màmá Ti Sọ̀kalẹ̀ Láti Orí Òrùlé

                                        Abúlé Fornasca,
                                        Lókè Odò Torbida.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 1909.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Silvestro,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀yìn kì í dùn ọ́ ní èbúté tí o ti ń ru òkúta ní ilẹ̀ Faransé? Ṣé ò ń jẹun yó? Ara tèmi le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ro mí. Bàbá Gaspare, àbúrò Màmá, ní kí n kí ọ. Màlúù wa bímọ, abo ni. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí.

A ti gbé Màmá sọ̀kalẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tó bá kú nígbà òtútù, orí òrùlé ló ń sùn, nínú yìnyín, títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀ tí ọ̀nà ìsàlẹ̀ yóò sì là. Láti oṣù Kìíní ni Màmá ti wà lókè orí mi. Mo ń ro ọkà àgbàdo lórí ààrò lábẹ́ rẹ̀, mo ń kí i pé ẹ káàárọ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, Bàbá Gaspare ní ká máa lọ. Mo ní rárá o, Silvestro kọ̀wé pé òun ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká dúró dè é. A dúró. Oòrùn ń mú sí i, mo ń kó yìnyín láti inú kòtò wá bo Màmá, bí ẹni ń tọ́jú ẹran kó má bàa rà. Bó ṣe rí nìyẹn, n kò lè fi dídùn sí i. Nígbà tó di Sátidé, kò ṣeé dúró mọ́.

Ìdájí la jáde. Bàbá Gaspare àti àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé pósí lé èjìká, mo tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ náà dára, ó dára débi pé ó bí mi nínú. Òdòdó bo pápá, agogo ọrùn màlúù ń dún, odò kún fún omi yìnyín, ó ń hó ramúramù. Ní gbogbo abúlé tí a kọjá, àwọn obìnrin jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n ń bi mí pé, "Silvestro ńkọ́?" Mo ní ò ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀gbẹ́ Bàbá wa ní itẹ́ òkú San Vitale ni Màmá fẹ́ sùn sí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí kó tó kú nìyẹn. Afárá kan ló sì lọ síbẹ̀, ti àwọn ará Brusada, tí a ti ń bá jà nítorí pápá láti ayé àwọn baba ńlá wa. O mọ òfin wọn: ọmọkùnrin òkú ni yóò ṣí fìlà lẹ́sẹ̀ afárá, yóò tọrọ ọ̀nà. Bó bá ti ṣí i, wọn kò gbọdọ̀ kọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó kù sọ́wọ́ wọn.

Bortolo arúgbó ti jókòó lẹ́nu afárá bí ẹni tó mọ̀ pé à ń bọ̀.

"Òkú ta lèyí?"

Bàbá Gaspare ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ sì mọ̀."

"Ọmọkùnrin rẹ̀ dà?"

Mo ní o wà lọ́nà. Ni Aurelio, ọmọ Bortolo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé dé, bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà wo? Ọ̀nà ilé ọtí àbí? Ìdí káàdì ni mo fi í sílẹ̀ sí! Mo ní, 'Ṣé o ò ní bá mi lọ sin ìyá rẹ ni?' Ó ní kí n bá òun kí ilé."

Háà, Silvestro! Ilẹ̀ ìbá lanu kí n wọlé. Gbogbo Brusada ti jáde wá wòran. Bortolo ní, "Ó dáa, ẹ dúró dè é. Àwa ò kánjú." Omi sì ti ń kán nídìí pósí. Mo rí i, àwọn náà rí i.

Mo gbé ọwọ́ sórí, mo tú ìborí mi. Èmi opó, lójú ọkùnrin, ní gbangba. Ọkọ mi pàápàá, inú yàrá nìkan ló ti ń rí irun mi nígbà ayé rẹ̀. Mo dì í mú bí fìlà, mo ní, "Èmi Onorina, ọmọ rẹ̀, mo tọrọ ọ̀nà fún ìyá mi." Irun mi ti funfun báláú, o ò mọ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó Bortolo ló figbe ta látẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Bàbá Aurelio, ẹ dìde níbẹ̀ jàre! Àbí ẹ fẹ́ kó bọ́ra sílẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́nà ni?" Arúgbó náà dìde. Ó ṣí fìlà tirẹ̀ nígbà tí pósí ń kọjá.

A sin Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Nígbà tí àlùfáà ní kí ọmọkùnrin bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ojú yí sí mi. Mo bu tèmi, mo dà á sí i. Mo bu tìrẹ, ọwọ́ mi kọ̀ láti dà á. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Màmá bí èmi.

Bá mi kí àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún. Kí àwọn tí ẹ jọ ń ta káàdì náà. Ìborí mi ni mo fi di erùpẹ̀ tìrẹ, mo fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Orí mi wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ń wò mí bíi wèrè ládùúgbò. Ọjọ́ tí o bá wá gbé erùpẹ̀ rẹ lọ fún Màmá ni n óò tó borí.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́ dàgbà,

Onorina