Ṣáwà Tó Ń Gbé Màmá

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara yín le? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí kékeré tí kì í fẹ́ jẹun? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni. Mo ní a wà láàyè, kì í ṣe ẹnu lásán. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, tí ẹ bá rí ibi tí bírò ti dá ìwé lu, ẹ má wò ó.

Ẹ rántí ṣáwà oníná tí ọkọ mi rà fún Màmá nígbà tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa, nítorí orúnkún wọn tó ń fẹ́ omi gbígbóná. Ẹ̀yin náà ṣàdúrà fún un lórí fóònù. Ẹ sì mọ ọkọ mi, "Ẹ-fi-sílẹ̀-fún-mi" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìlẹ̀kùn bàjẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Fáànù dákẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Òun náà ló so ṣáwà yìí fúnra rẹ̀, kò pe oníṣẹ́ iná kankan.

Nígbà tó yá, ṣáwà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Omi á gbóná, á ṣàdédé tutù, á sì máa kùn bí oyin inú agolo. Ọkọ mi tú orí rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú àwọn ihò rẹ̀. Ó pààrọ̀ ṣíwíìṣì. Ó pààrọ̀ rọ́bà omi. Bó bá ti ṣe é tán, á wọ sílípáàsì rẹ̀, á bọ́ sábẹ́ omi, á máa súfèé, á ní ó ti dáa. Gbogbo wa la máa ń wọ sílípáàsì wẹ̀, nítorí tááìlì ibẹ̀ ń yọ̀. Màmá nìkan ni kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ta ló ń wọ bàtà wẹ̀?

Kò pẹ́, a ṣàkíyèsí pé Màmá kì í fẹ́ wọ ilé ìwẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní àwọn ti wẹ̀, aṣọ ìnura wọn á sì gbẹ táútáú lórí okùn. Ọkọ mi ní ọjọ́ ogbó ló dé, pé arúgbó máa ń sá fún omi. Àfi ìgbà tí mo tètè ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bá ìyá tó bí wa lẹ́yìnkùlé nídìí ẹ̀rọ omi, lórí orúnkún tó ti wú, tí wọ́n ń bu omi tútù sára. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ìgbà tí mo bú sẹ́kún ni wọ́n tó wò yíká, tí wọ́n rọra ní: "Ó ń gbé mi ni. Tí mo bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, á gbọ̀n mí jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n àna mi ló rà á fún mi. Ṣé ẹnu tí mo fi dúpẹ́ náà ni kí n fi sọ pé ẹ̀bùn rẹ̀ fẹ́ pa mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi ṣú. Mo pa iná gbogbo ilé, mo sì pe bàbá oníṣẹ́ iná. Nígbà tí wọ́n tú ṣáwà, wọ́n bá wáyà aláwọ̀ ewé kan tí ọkọ mi ká pọ̀ dáadáa, tó fi téèpù wé. Wọ́n bi í léèrè. Ó ní òun rò pé àfikún ni, pé ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Àfikún! Wáyà tó yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀! Iná ti ń jò sínú omi láti inú ṣáwà. Sílípáàsì ló gba àwa yòókù là, ẹsẹ̀ lásán Màmá ló ń ṣe iṣẹ́ wáyà.

Mo pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú. Ọkọ mi ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo ní ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tí kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun? Ẹ wá gbọ́ èyí tí Màmá ṣe: wọ́n jáde, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má bú ọkọ mi nítorí àwọn, wọ́n sì tún dúpẹ́ ṣáwà lọ́wọ́ rẹ̀!

Bàbá oníṣẹ́ iná ti so tuntun, ó dáa. Síbẹ̀, bí Màmá bá wọlé wẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí. Wọ́n á ké láti inú omi pé, "Kò gbé mi o." N kò gbà wọ́n gbọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ dídákẹ́ ni ìwà pẹ̀lẹ́ lójú ìyá wa. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àna wọn sì ni ọkọ yín náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí oníṣẹ́ iná yẹ ilé ìwẹ̀ yín wò kí wọ́n tó dé. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Mo ti jíṣẹ́, àmọ́ n kò tíì dárí jì í.

Tí Màmá bá sì dé, ẹ má bi wọ́n bóyá nǹkan dáa. Dáadáa ni wọ́n máa sọ. Aṣọ ìnura wọn ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí inú ṣì ń bí,
                                        Àbíkẹ́yìn Màmá.