Wolé-wolé Yẹ Dúrọ́ọ̀mù Omi Òjò Yín Wò

Bàbá Moyọ̀,

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ló ṣẹlẹ̀: wolé-wolé tó ń fi kóòtù dẹ́rù ba ẹni tí tanwíjí bá wà nínú omi rẹ̀ dé láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré jáde lọ sí ìpàdé ni. Mi ò bi yín irú ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí kóòtù mọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń gbe omi òjò, ó wò ó títí, kò rí tanwíjí kankan. Ó ní, "Màmá, bí gbogbo Lálúpọn bá rí báyìí, ẹ̀fọn á kó lọ!" Mo ní, "Ọgbọ́n Bàbá Moyọ̀ ni o."

Mo ti lọ sọ́jà. Iṣu wà nínú ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe àwọn ará ọ́fíìsì yín wá wo omi òjò. Kànga ni mo ti ń fa èyí tí ẹ fi ń wẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù náà gbẹ. Láti ìgbà tí ẹ ti fọwọ́ ara yín so páìpù yẹn mọ́ òrùlé, àgbàlá Ìyá Zubaidah tó múlé tì wá ló ń da òjò wa sí.