Ọwọ́ Ìyá Rísì Lórí Mi

Sátidé, oṣù kẹjọ, 1976

Ìwọ̀nba irun tó kù ní ìpàkọ́ mi bá kóòmù lọ láàárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gún mi lábẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti sọ fún mi pé irun mi máa re. Síbẹ̀, mo sunkún.

Lọ́sàn-án, Ìyá Rísì wá láti Muṣin, ẹni tó ti ń dirun fún mi kí n tó lọ́kọ. Mo ti ń sá fún un. Mo kúkú tú gèlè mi.

Mo ní, "Kò sí ohun tí o máa dì mọ́."

Ó wò mí títí. "Tíṣà, jókòó."

Ó gbé orí mi lé itan rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó fi àdí àgbọn pa á jẹ́jẹ́, ó sì ń ròyìn ìjà omi ẹ̀rọ ilé wọn. Mo rẹ́rìn-ín.

Áà, ṣùkú tó máa ń le tí mi ò fi ní lè sùn! Ìrora yẹn gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Nígbà tó ń lọ, mo bi í bóyá yóò tún wá.

Ó ní, "Ṣebí Sátidé ni mo máa ń tọ́jú orí rẹ."