Ọmọ Mi Náà, Àfín Ni

Àǹtí Fìrdáúsì wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ìtòsí Challenge níbí ni mò ń gbé.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan wọlé tọ màmá mi, ó fún wọn lọ́rùn pa nítorí fóònù. Ọlọ́pàá ti mú un, ó sì ti jẹ́wọ́. Àfín ni. Kí ilé-ẹjọ́ fìyà jẹ ẹ́, mi ò ní bá a bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin, àfín lòun náà. Ẹ̀yìn màmá mi ló dàgbà sí. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba máíìkì, wọ́n ní, "Àwọn àfín kì í ṣèèyàn. Bí ara wọn ṣe funfun tó, bẹ́ẹ̀ ni inú wọn dúdú." Àwọn èèyàn ní òótọ́ ni. Iwájú wọn ni ọmọ mi jókòó sí, ó gbé fọ́tò ìyá àgbà dání.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ń gbọ́ yín."

Wọ́n ní, "Kó gbọ́ dáadáa. Àbí apànìyàn lo fẹ́ gbè lẹ́yìn, lójú òkú màmá wa?"

Lánàá, mo bá ọmọ mi níwájú dígí, ó ń fi páálíìṣì bàtà kun irun orí rẹ̀. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, kí Màmá tó kú, ṣé wọ́n mọ̀ pé àfín ni mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kí wọ́n bẹ ọmọ mi, wọ́n ní àwọn ò ní í bẹ ọmọdé. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ṣílẹ̀kùn fún wọn?