Ibi tí Mo Ní Kámẹ́rà Kò Ní Wò

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì

Kámẹ́rà méjì péré tí mo fi ń ṣọ́ àwọn ajínigbé fún ìlú kò lè rí gbogbo oko Ìkòyí-Ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé wọn kiri. Lánàá, Bọ̀dá Múfú, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ wa, tún bi mí pé, "Ràfátù, ibo lo máa gbé wọn sí lọ́la?"

Ìbéèrè yẹn ti ń pọ̀ jù. Mo ní, "Ẹ̀bá odò ni, Bọ̀dá. Kò ní sí ìkankan lọ́nà oko kajú."

Irọ́ ni mo pa, òun nìkan ni mo sì pa á fún. Láàárọ̀ yìí, èmi nìkan ló lọ so ọ̀kan mọ́ igi lọ́nà oko kajú.

Lọ́sàn-án, mo rí wọn lórí fóònù mi: ọkùnrin mẹ́rin tí n kò mọ̀ rí lúgọ sínú igbó pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀nà yẹn làwọn obìnrin tó ń ṣa kajú máa ń gbà darí wálé. Mo pe Ìyá Bàṣírù, ọ̀kan nínú wọn, kíákíá.

"Ẹ má gba oko kajú o! Ẹ gba ọ̀nà odò!"

Gbogbo wọn ti délé. Alihamudulilahi.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. "Mo gbọ́ pé ọ̀nà odò làwọn obìnrin gbà. Ta ló sọ fún wọn?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Mò ń bọ̀ nílé yín, ká jọ ṣètò tọ̀la."

Mo ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kó gbé e dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Mo ti ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀kadà kan ti dúró níta.