Àwọn Apá Tó Ṣẹ́kù Nínú Eré Àdíját

                                                            Ilé Alhaji Fàsásì,
                                                            Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                                            Àgọ́-Ìwòyè,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ràhmát, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlàékúùmù o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Muslimah ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́ kiri ilé? Ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ti lé e lọ. Ara tiwa le níbí, àlùhámúdùlílááhì, àfi òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Bàbá mi ní kí n kí ọ gan-an. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ẹ ń rí ewùrà rà ní Ìlọrin tí ẹ lè fi se ìkọ́kọrẹ́, àbí o ti di ọmọ Ìlọrin pátápátá.

Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí n kò kúkú pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, inú á bí mi, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ibi tó yẹ kó yé ọ kò ní yé ọ. Wá ibi jókòó kí o kà á. Ọ̀gá Ògúnbáyọ̀ ti tún ṣe tirẹ̀ o. Má sì dá mi lẹ́bi pé mo ń pe àgbàlagbà ní "ó" nínú lẹ́tà yìí. "Wọ́n" ti tán lẹ́nu mi ní tirẹ̀.

O rántí bó ṣe dá eré wa dúró lọ́dún tó kọjá. Ìwọ tí o ya gbogbo àwòrán, èmi tí mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀, ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, kò tilẹ̀ ní ká jókòó. Ó ní àwọn ọmọdé kò fẹ́ kàtúùnù Yorùbá mọ́. Ibo ni a bá eré dé nígbà náà? Ibi tí Bàbá Àdíját ti wa ọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà ní Ẹfìrè, tí ìjì jà, tí kò padà wálé. Àdíját sì tú irun orí rẹ̀, ó ní òun kò ní dirun mọ́ àfi tí bàbá òun bá dé. Ibẹ̀ gan-an ló gé wa sí. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò gbàgbé rárá.

Apá mẹ́ta tí a ti ṣe parí ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn. Nínú èyí àkọ́kọ́, àwọn apẹja ń wá Bàbá Àdíját, ọkọ̀ rẹ̀ tó fọ́ ni wọ́n rí. Nínú èkejì, Àdíját ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti Iléyá. O rántí pé ti Iléyá yẹn la kọ́kọ́ ṣe nínú gbogbo rẹ̀, nítorí a kì í dúró di ọjọ́ ọdún ká tó wá àgbò. A ṣe é sílẹ̀ nígbà tí Bàbá Àdíját ṣì wà nílé nínú ìtàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún dé, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi hàn, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní Iléyá tó kọjá yìí, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi dí àkókò, ni wọ́n bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáfẹ́fẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n wá bàbá, Àdíját tukọ̀, ó tún ku kí ni? Iléyá! Bàbá jókòó lórí ẹní, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, Àdíját sì di ṣùkú sórí. Gbogbo ayé bá pariwo pé bàbá ti dé. Ṣebí ọmọ náà ti dirun! Àǹtí Miriam tó ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa sá wọlé wá dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní a kú iṣẹ́, ó ní òun ti rò pé a máa pa ọkùnrin yẹn ni.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? A ti pa á kẹ̀! Nínú ìwé tí mo kọ, bàbá náà ti kú. Àdúrà òkú létí omi ló yẹ kó parí rẹ̀, kí Àdíját wá gba àjẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Lẹ́mọ́mù. Èmi àti ìwọ jọ sunkún lórí ìwé yẹn. Àjẹkù tí wọ́n dà pọ̀ sínú abọ́ kan wá di ìparí eré. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó bá ara mu. Irun bá a mu, ẹ̀rín bá a mu, kò sẹ́ni tó fura.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí lọ sórí rédíò, ó ní òun fúnra òun lòun jókòó ronú ìparí yẹn. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni kó lè ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ràhmát, ẹ̀jẹ̀ mi hó! Ẹni tó dú ẹran wa lọ́rùn ló tún gbé awọ rẹ̀ bora. Ó tún ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti fi yọ̀, kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Mo ní màá wá. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ìdajì àwòrán àdúrà etí omi tí o yà ṣì wà lọ́wọ́ mi, Qowiyyu ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì gbà láti bá mi tò ó pọ̀ kó máa rìn. Mo fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, kó fọ́nnu tó bó ṣe wù ú, kí n wá gbé òtítọ́ sára ògiri bíi sinimá níwájú gbogbo wọn. Mo fẹ́ fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Mo tilẹ̀ máa ń dúró níwájú dígí, màá máa rẹ́rìn-ín èyí tí mo fẹ́ rín sí i lọ́jọ́ náà. Má bínú sí mi pé n kò sọ fún ọ. Mo mọ̀ pé wàá ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, n kò sì fẹ́ fi sílẹ̀.

Ohun kan ló gbé mi lọ sí Ìbíadé kí ọjọ́ náà tó pé. Mo ti rò pé ìwọ àti èmi nìkan la mọ̀ pé ojú Hafeez àbúrò rẹ lo yà fún Bàbá Àdíját, pẹ̀lú èjí ẹnu rẹ̀ àti fìlà tó máa ń gẹ̀. Omi tó gbé e lọ kò dá a padà, a sì ṣe fìdáù rẹ̀ láìrí i sin. Mo gbọ́ pé Ìyá yín wo ti Iléyá yẹn, àti pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bẹ ọmọ ará ilé kan kó máa fi hàn wọ́n lórí fóònù rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti ń retí Hafeez. Mo ní ó yẹ kí n rọra la ọ̀rọ̀ yé wọn kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi hàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mo bá Ìyá nídìí ẹja yíyan. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n bi mí léèrè rẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kì í ṣe pé bàbá náà dé, pé àwọn ará tẹlifíṣàn ló tò ó bí kò ṣe yẹ. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ń yí ẹja padà.

"Nímọ̀, mé è ya wèrè," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ti kú, mo mọ̀. Iléyá tó ṣe kẹ́yìn nílé yìí ni Ràhmát yà, abọ́ mi ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó lọ, oúnjẹ mi kò tíì jinná. Mo ní kó dúró, ó ní òun á jẹ ẹ́ tóun bá dé. Nínú nǹkan tẹ́ ẹ ṣe yìí, ó jókòó, ó jẹun yó, ó fọwọ́. Ìyẹn ni mò ń wò."

Wọ́n wá bi mí pé kí ló wà nínú èyí tí mo fẹ́ fi hàn. Mo ní àdúrà etí omi ni. Wọ́n sinmi ọwọ́, wọ́n wò mí.

"A ti ṣe àdúrà yẹn. Ẹ má gbé e dìde kẹ́ ẹ tún lọ rì í."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti Ìbíadé dé Àgọ́. Àánú Ìyá wà nínú ẹkún náà, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi lu ọkùnrin yìí, Ìyá ni yóò kọ́kọ́ bà. Ó fi ìyá wa bo ara rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ òfìfo ni mo fi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó wọ agbádá funfun, ó sọ̀rọ̀ títí. Ó wá na máìkì sí mi pé kí n sọ bí a ṣe jọ ro ìparí náà. Mo dìde, mo ní, "Ọ̀gá ló rò ó, ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè." Mo jókòó.

Ọmọbìnrin kan bi í pé níbo ni Bàbá Àdíját wà látọjọ́ yìí. Ó ní ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Òmíràn ní ṣé kò sí fóònù ní Ẹ̀pẹ́ ni? Ó ní ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ní ta ló wò ó sàn, ta ló fún un lọ́kọ̀ nígbà tí tirẹ̀ ti fọ́, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀? Òógùn bo ojú ọ̀gá. Nígbà tí kò rí ibi sá gbà mọ́, ó ní ẹja ńlá kan ló gbé e mì tó wá pọ̀ ọ́ sí èbúté. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, "Sà, ti Ànábì Yúnúsà nìyẹn." Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn olùkọ́ pàápàá kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ràhmát, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó dùn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Àwọn òbí ń yọ ilé iṣẹ́ wọn lẹ́nu, àwọn tó wà lókè rẹ̀ sì ní kó dá Àdíját padà kíákíá, kó bẹ̀rẹ̀ látorí apá kan tí yóò sọ ibi tí bàbá náà wà. Ó bẹ̀ mí. Ó ní orúkọ wa ni yóò ṣíwájú, kò sẹ́ni tí yóò gé ọ̀rọ̀ kan kúrò mọ́. Ó pè mí ní "Màmá wa," èmi tí kò fún ní ìjókòó! Ohun tí a ti ń gbàdúrà fún náà nìyẹn, èmi àti ìwọ.

Mo gbìyànjú láti kọ ọ́. Bí mo bá ní bàbá náà wà ní ìlú kan, Hafeez ti di ẹni tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láìránṣẹ́ sí i. Bí mo bá sọ òtítọ́, a tún rì í lójú Ìyá. Àwọn apá tó ṣẹ́kù yẹn kì í ṣe ìparí gidi, ọmọdé èyíkéyìí lè fà á ya. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ló ti jẹun.

Mo ní rárá. Ó bi mí pé kí ni mo wá fẹ́. Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú máa bi í ní ìbéèrè yẹn níbi ìsọmọlórúkọ àti ní mọ́ṣáláṣí, títí kan àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kó má sì rí ìdáhùn láyé. Ṣebí òun ló ní òun kọ ọ́. N kò dárí jì í, n kò sì tíì bẹ Ọlọ́run pé kí n dárí jì í. Ó dùn mí pé eré wa lọ, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kó dùn mí ju kí inú rẹ̀ dùn lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko Muslimah lẹ́nu fún mi. Àǹtí Miriam kí ọ. Ìyá ní kí o gbìyànjú wálé kí òjò tó parí.

Yóò pè ọ́, Ràhmát. Ẹnu rẹ̀ á dùn. Ìwọ lo ya ọkùnrin yẹn, àbúrò rẹ sì ni, tí o bá gbà, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ ṣe tèmi, tó bá bi ọ́ pé níbo ni Bàbá Àdíját wà, sọ fún un pé ó ń jẹun lọ́wọ́ nílé ìyá rẹ̀, kò ráyè tirẹ̀.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,

Nimotalahi Fàsásì