Ọkùnrin Tó Dúró Ti Òkúta

Ìyá mi,

Fọ́tò tí mo jẹ yín nìyí, gbèsè tán. Owó ẹ̀ wọ́n, ẹ má jẹ́ kí Àdùfẹ́ ọmọ mi fà á ya. Ẹ kú ilé o. Ara mi le.

Fọ́tò àtijọ́ ni mò ń nù níbi iṣẹ́ ní Ṣìkágò: àwókù ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, tí òyìnbó yà nígbà tí wọ́n ń jọba ní Íńdíà. Ọkùnrin ibẹ̀ kan dúró ti ère òkúta. Mo bi Dorothy, ọ̀gá mi, pé ta nìyẹn.

"Òun ni wọ́n fi ń wọn gíga òkúta. Wọn ò kọ orúkọ ẹ̀."

Nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yìí, ilé gíga ni èmi náà dúró tì. Ẹ bá mi kọ "Ìyá Àdùfẹ́" sẹ́yìn fọ́tò, kí ọmọ náà má tún béèrè pé ta nìyẹn bíi ti ìjọsí tó rí àwòrán mi. Ohun tó bá pè mí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ Iléyá ni mò ń retí èsì.

Ràhámọ̀tù